Dolgor àti Èéfín Kòtò Ìkookò

Nígbà tí Nomuun sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé òun ti lóyún, Dolgor kò pariwo, kò sì jó. Ó dìde lórí àpótí tó jókòó lé, ó jáde síta, ó sì gbójú sókè wo àwọn ọ̀pá èéfín àdúgbò wa, láti orí ti Handaa ní ìsàlẹ̀ títí dé orí ti Bàbá Sodnom lókè. Òtútù kò tíì wọlé dáadáa nígbà náà. Èéfín tó ń jáde kò ju ti ẹni tó ń mu sìgá lọ. Ó wò wọ́n tán, ó padà wọlé, ó bu tíì sínú abọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Mu ún. Eléyìí á dúró."

"Ohun tí ẹ sọ nígbà yẹn náà nìyẹn, Màmá."

"Nígbà yẹn, ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti wálẹ̀ lára Nomuun, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì jẹ́ ní àárín gbùngbùn òtútù, nígbà tí èéfín máa ń sọ ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀, Tumur, kò sí nílé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà ní ìhà gúúsù, ní aṣálẹ̀ Gobi, tó ń kó èédú láti ibi tí wọ́n ti ń wú u nílẹ̀ lọ sí ẹnubodè. Obìnrin méjèèjì nìkan ló wà nínú ọgbà pákó wọn, nínú àgọ́ roboto méjì tí a fi irun àgùntàn bò, tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn.

Dókítà tó ń tọ́jú Nomuun kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn.

"Màmá, n kò lè búra pé èéfín ló mú méjì àkọ́kọ́ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ níbí mọ̀ pé oṣù tí èéfín bá pọ̀ ni ẹkún máa ń pọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Eruku tó wà nínú èéfín yẹn kúnná ju ìyẹ̀fun lọ. Irun imú kò lè dá a dúró. Á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ, inú ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ni ọmọ sì ti ń jẹun."

"Ṣé kí n gbé e lọ sí Gobi? Ojú ọ̀run ibẹ̀ mọ́ bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀."

"Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i ní òru, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ ní Gobi? Ràkúnmí? Pẹ̀lú ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí wa. Ibi tó wà yẹn ni kí ẹ ti wá afẹ́fẹ́ tó mọ́ fún un."

Dolgor tún ọ̀rọ̀ yìí sọ fún mi nígbà tí a jọ ń gun òkè bọ̀ wálé. "Olùkọ́, ó ní kí n wá afẹ́fẹ́. Bí ẹni pé ó wà lórí àtẹ, kí n kàn sọ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Iná ni Dolgor fi tọ́ ọmọ. Láàárín àwọn tó ń sin ràkúnmí ní Gobi ni wọ́n bí i. Ní ọdún tí yìnyín bo koríko mọ́lẹ̀ tí ẹran kú bí ewé, ọkọ rẹ̀ kú tẹ̀ lé wọn. Òun di àgọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó fa Tumur lọ́wọ́, ó sì bá ọ̀pọ̀ ènìyàn bíi tirẹ̀ wá sí Ulaanbaatar, olú ìlú wa. Ó pàgọ́ sí Kòtò Ìkookò, àdúgbò wa, nítorí pé ibẹ̀ ni àyè kù. Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ gbà á sí iṣẹ́ adáná: òun ló ń da èédú sí ẹnu ìkòkò irin ńlá tó ń ti omi gbígbóná lọ sí àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ka iṣẹ́ náà sí. Ó ṣe é títí irun rẹ̀ fi funfun, kò sì sí ọmọ tó fi ìbọ̀wọ́ kọ̀wé nínú kíláàsì ní gbogbo ìgbà tó wà níbẹ̀. Tí o bá wọ yàrá iná rẹ̀, o máa rí i pé èédú ńlá wà lọ́tọ̀, èédú kékeré wà lọ́tọ̀, gbogbo igi wẹ́wẹ́ sì gùn bákan náà. Kò sí ohun tó ń ṣe tó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ìjọba kò tíì fòfin de èédú tútù, èyí tó wá tààrà láti inú ilẹ̀, ní ìlú wa. Wọ́n ti kọ́kọ́ pín ààrò irin tuntun fún àdúgbò ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó wá kọ́ wa bí a ó ṣe lò ó ní kí a to èédú sí ìsàlẹ̀, kí a to igi wẹ́wẹ́ lé e, kí a wá ṣáná sí orí pátápátá, kí iná máa jẹ èédú láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Èéfín tó bá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ á gba àárín iná kọjá, iná á sì jó òun náà. Gbogbo wa la gbọ́. A gbé ààrò tuntun relé, a sì ń fi ọwọ́ àtijọ́ dá a: igi ní ìsàlẹ̀, èédú lórí. Bí iná bá ti ń rẹlẹ̀, a ó ṣí ìdérí, a ó da èédú tútù lé ẹyin iná. Kò sí èéfín tó dúdú tó èyí tó ń jáde nígbà tí èédú tútù bá bọ́ sórí ẹyin iná. Dolgor ló gbọ́, tó sì ṣe bó ṣe gbọ́.

Kòtò Ìkookò dà bí àwo láàárín àwọn òkè. Tí òtútù bá mú gan-an tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, òtútù á jókòó sí ìsàlẹ̀ àwo náà, afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ á sì dé e lórí bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín á gòkè díẹ̀, á forí gbá ọmọrí náà, á sì padà sọ́dọ̀ wa. Ìlú tó wà ní ìsàlẹ̀ ní èéfín tirẹ̀: ti àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, ti àwọn mọ́tò tí wọn kì í fẹ́ pa nítorí òtútù. Ṣùgbọ́n èyí tó ń wọ àgọ́ Nomuun ní ìrọ̀lẹ́, tiwa ni. Ọ̀pá èéfín wa kúrú, a sì ń dáná ní àsìkò kan náà. Dolgor mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ààrò tirẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ààrò kan tó mọ́ lè ṣe láàárín ogún tó ń tu èéfín?

Ó pinnu láti lọ bá àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó gùn dé kókósẹ̀, ó so ọ̀já mọ́ ìdí, ó bu wàrà gbígbẹ sínú àpò, nítorí a kì í lọ sílé ẹni lọ́wọ́ òfo. Ọ̀dọ̀ Handaa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Handaa, bàtà onírun ló ń rán tà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ di ajá yín mú o!" ni Dolgor kígbe lẹ́nu ọ̀nà, bí gbogbo àlejò ti ń ṣe.

"Wọlé jàre! Ajá mi kì í jẹ ará Gobi. Iyọ̀ yín ti pọ̀ jù."

"Ajá tí ìwọ ń bọ́, ṣé eyín kù lẹ́nu rẹ̀ ni?"

"Ó pọ̀ ju tìẹ lọ. Jókòó, jókòó, òtútù ti pọ́n ẹ lójú." Kí Dolgor tó tú ọ̀já ìdí rẹ̀, Handaa ti ṣí ààrò, ó ti da ṣọ́bìrì èédú kan sí i, ó sì ti gbé ìkòkò tíì oníyọ̀ wa kaná.

"Handaa, ọ̀rọ̀ èédú yìí gan-an ló gbé mi wá."

"Ó tán lọ́wọ́ rẹ ni? Bù nínú tèmi."

"Kò tán. Mo fẹ́ kí o máa ṣáná sí i lórí ni, kí o má sì máa da tútù lé gbígbóná. Nomuun tún ti lóyún."

Handaa dúró pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. "Há! Ọmọ dáadáa yẹn." Ó nu ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fi èédú kùn ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ó dáa, mo ti gbọ́. Láti ọ̀la, orí ni màá ti máa dá a. Bí wọ́n bá ní kí n fi orí dúró kí n tó dá a, màá fi orí dúró. Mu tíì kó tó tutù."

Dolgor mu ún. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá kọ tíì, onílé ló kọ̀. Àlejò tó bá sì jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀, tí irun rẹ̀ ti funfun, tí ó ti inú òtútù wọlé, a kì í fi tíì tó ti wà nínú fúláàsì láti àárọ̀ kí i. Tuntun là ń sè.

Láti ibẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sodnom, àgbà kòtò wa, tó ti ìhà àríwá wá, láti ibi tí igi pọ̀ sí.

"Dolgor, ọmọ oníràkúnmí," ni bàbá náà wí nígbà tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, "ẹ̀yin tí ẹ kò rí igi rí àfi nínú àwòrán, ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá kọ́ ará igbó ní iná dídá?"

"Bàbá, ìgbẹ́ ràkúnmí náà ń jó."

"Ó ń jó, ó sì ń rùn. Gbọ́ mi. Iná ní orí, ó ní ẹsẹ̀. Baba tó bí mi kò da omi sí iná rí, kò na ọ̀bẹ sí i rí, kò sì dorí rẹ̀ kodò rí. Iná ni olórí ilé. Ta ló ń dorí olórí ilé kodò?"

"Nítorí ìyàwó Tumur ni mo ṣe—"

"Mo gbọ́. Mò ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́. Mu tíì." Ó ṣí ààrò, ó sì da èédú sí i ju bí Handaa ti ṣe lọ, nítorí ó fẹ́ kí ara Dolgor móoru kó tó padà sínú òtútù.

Báyìí ni Dolgor ṣe ń ti ilé dé ilé. Gbogbo ènìyàn gbọ́, gbogbo ènìyàn ṣe ìlérí, àfi Bàbá Sodnom. Ẹni tó bá ti ṣèlérí, Dolgor á tún padà lọ wò ó bóyá ó mú un ṣẹ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, òun á kúnlẹ̀ síwájú ààrò, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to igi náà fún un. Mo wò ó nínú òtútù tó ń gé etí, pẹ̀lú eékún rẹ̀ tó ń dùn ún, mo sì rò pé tí a bá ní irú rẹ̀ mẹ́wàá ní ìlú yìí, oòrùn á máa ràn fún wa ní oṣù kìn-ín-ní.

Síbẹ̀, èéfín kò dínkù. Ó ń pọ̀ sí i. Nomuun bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ikọ́ kékeré gbígbẹ tí kì í jẹ́ kó sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ẹ̀jẹ̀. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n dá a dúró díẹ̀, wọ́n sì dá a padà wálé pẹ̀lú àṣẹ pé kó máa dùbúlẹ̀. Ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbé ọbẹ̀ lọ fún wọn, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ má da ara yín láàmú mọ́," ni Nomuun wí. "Tí kò bá dúró, kò dúró náà nìyẹn."

"Pa ẹnu rẹ dé. Ọmọ ń gbọ́ ọ."

"Kò tíì ní etí."

"Tí kò bá ní etí, ó ní ojútì. Kò ní fẹ́ kí ìyá òun máa sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

Nomuun rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á. Dolgor di ẹ̀yìn rẹ̀ mú títí ikọ́ náà fi lọ. Lẹ́yìn náà, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì tún jáde lọ bá àwọn aládùúgbò, kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni èmi àti òun pàdé ní ilé omi tó wà lórí òkè, níbi tí gbogbo wa ti ń pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì orí kẹ̀kẹ́ tí a ń fọwọ́ fà. Kò sí afẹ́fẹ́ rárá. A ti pọn tán, a dúró kí a mí díẹ̀, a sì ń wo kòtò wa láti òkè. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá èéfín ló dákẹ́, nítorí àsìkò oúnjẹ alẹ́ kò tíì tó. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ń tu èéfín dúdú kìtìkìtì, wọ́n sì tò tẹ̀ lé ara wọn láti ìsàlẹ̀ bọ̀ lókè. Ti ìsàlẹ̀ ti ń fẹ́lẹ̀. Èyí tó sún mọ́ wa jù ló dúdú jù.

Dolgor la ojú. "Olùkọ́, ta ló ń se oúnjẹ nírú àsìkò yìí?"

"N kò mọ̀. Ta ni ẹ bá níbi ìdáná bí ẹ ti ń bọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń se oúnjẹ. Mo kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Handaa, mo kúrò níbẹ̀, mo yà sọ́dọ̀ Purev, mo tún yà sí..." Ìka rẹ̀ ń tọ́ka sí wọn bó ṣe ń dárúkọ wọn. Ìka náà dúró sójú afẹ́fẹ́.

Ó jókòó lé orí kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Wo ipa ẹsẹ̀ mi, Olùkọ́. Gbogbo ibi tí mo wọ̀ ni. Mò ń rìn kiri, mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má rú èéfín, àwọn náà ń fi èéfín ṣe mí lálejò!"

Kò sí ẹni tó lè rí i láti inú àgọ́. Inú ilé la ti ń mu tíì. Orí ilé ni èéfín wà. A fẹ́ràn Dolgor, a ń bọ̀wọ̀ fún un, ìdí nìyẹn tí a fi ń da èédú tútù lé ẹyin iná ní gbogbo ìgbà tó bá ti kígbe pé kí a di ajá mú. Bí àánú rẹ̀ bá sì ti ń ṣe wá tó, bẹ́ẹ̀ ni èédú náà ń pọ̀ tó. Dolgor rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì yára nù ún kó tó di yìnyín. Mo wò ó, n kò mọ̀ bóyá kí n bá a rẹ́rìn-ín tàbí kí n bá a sunkún. Ẹlòmíràn ì bá bínú sí wa, ẹlòmíràn ì bá sì jáwọ́. Dolgor di okùn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó fà á sọ̀kalẹ̀, nígbà tí a sì fi máa dé ìsàlẹ̀, ó ti mọ ohun tó máa ṣe.

Láti ọjọ́ náà, kò yà sílé ẹnikẹ́ni mọ́. Kò pẹ́ tí Handaa fi dé, ìbínú ti gba ojú rẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́? Ojoojúmọ́ lò ń wá, o dákẹ́ lójijì. Ṣé tíì mi ò níyọ̀ mọ́ ni?"

"Ó dùn jù ni. Wọlé wá mu tèmi."

Handaa wọlé, ó tú ọ̀já ìdí rẹ̀, ó sì dúró. Inú àgọ́ móoru. Ìkòkò ń hó. "O ti dáná? N kò rí èéfín kankan lórí ilé yìí. Mo ti rò pé o kú ni. Mo fẹ́ sunkún kí n tó rántí pé mo ń bínú."

"Jáde, lọ wò ó."

Wọ́n jáde. Lórí ọ̀pá èéfín Dolgor, afẹ́fẹ́ kàn ń gbọ̀n rìrì ni, bó ṣe máa ń gbọ̀n lójú títì ọlọ́dà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Handaa wò ó, ó wo ti ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó sì fi ìbọ̀wọ́ bo ẹnu.

"Gbọ́," ni Dolgor wí. "Ọ̀dọ̀ mi ni tíì ìrọ̀lẹ́ wà láti òní lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí mi, kó wá síbí. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹlòmíràn, kó wá bá a níbí. Iná kan, ìkòkò kan. Tí kálukú bá padà sílé, kó dá tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti orí, kó má sì ṣí i mọ́ títí yóò fi jó tán."

"Gbogbo àdúgbò? Èédú tìẹ nìkan?"

"Kí wọ́n máa fi àpò mú díẹ̀ wá. Ìwọ, mú ẹnu rẹ wá, ó tó dá àgọ́ gbóná."

Wọ́n wá. Wọ́n kọ́kọ́ wá nítorí ọ̀fíntótó, lẹ́yìn náà nítorí ẹ̀rín. Dolgor mọ̀ọ́mọ̀ máa ń dúró kí wọ́n pé kó tó ṣáná, kí gbogbo ojú lè rí ọwọ́ rẹ̀. Èédú sísàlẹ̀, igi lé e, ìṣáná lórí. Kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ó kàn ń bá wọn ṣe àwàdà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí etí wa kò gbà lọ́dọ̀ olùkọ́ ààrò, ojú wa gbà á níbẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Handaa dán an wò nílé rẹ̀, iná kú, ó tún dá a, ó tún kú. Ó fi ìbínú dé pẹ̀lú ojú tó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Iná rẹ yìí lágídí ju ọkọ mi tó ti kú lọ!"

"Igi rẹ ló tutù. Ọkọ rẹ ò tutù rí."

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Nomuun tó dùbúlẹ̀ nínú àgọ́ kejì gbọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ lu igi ìgànná àgọ́ rẹ̀ kí a lè mọ̀ pé òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá Sodnom nìkan ni kò wá. Ó dá jókòó sókè nínú èéfín tirẹ̀, láìsí àlejò, nítorí pé ọ̀dọ̀ Dolgor ni gbogbo àlejò wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó yọjú, ó ní òun kò wá mu tíì, ó jókòó, ó mu abọ́ mẹ́ta, ó wo iná náà dáadáa, ó sì lọ. Dolgor kò sọ ohunkóhun fún un nípa orí tàbí ẹsẹ̀ iná.

Ọjọ́ kejì, ó padà wá, ó mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́.

"Dolgor, bù fún mi."

"Kí ni, Bàbá?"

"Ẹyin iná. Mo ti ń rò ó láti àná. Nígbà tí mo gbéyàwó, ìyá mi bu ẹyin iná nínú ààrò tirẹ̀, ó gbé e wá sínú àgọ́ wa tuntun, bí ìṣe wa. A ti to igi sílẹ̀ dè é. Orí ló gbé e lé. Orí! Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ó. Ìyá mi kò sì jẹ́ dorí iná kodò."

Dolgor dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ṣọ́bìrì náà, ó bu ẹyin iná tó pọ́n jù lọ sí i, ó sì bá bàbá náà gbé e gòkè. A tẹ̀ lé wọn.

"Ṣé mo ti di ọkọ ìyàwó tuntun nìyí?" ni Bàbá Sodnom bi wá bó ti ń gun òkè.

"Pẹ̀lú ikọ́ yín yìí?" ni Handaa dáhùn. "Ìyàwó á kọ́kọ́ pe dókítà ni."

Dolgor gbé ẹyin iná náà lé orí èédú tí bàbá ti tò sílẹ̀. Ó fẹ́ ẹ wẹ́rẹ́. Nígbà tí a jáde tí a sì gbójú sókè, èéfín díẹ̀ kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà kò sí mọ́.

N kò ní purọ́ pé ojú ọ̀run mọ́ ní ọdún náà. Ní àwọn ọjọ́ tí òtútù dé góńgó, èéfín ìlú ń rọ́ gòkè wá bá wa, ti àwọn kòtò tó yí wa ká sì ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà Dolgor, a ń rí ọgbà Bàbá Sodnom ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí a kò rí ní ọdún tó ṣáájú. Ikọ́ Nomuun dínkù, ikùn rẹ̀ sì ń tóbi sí i.

Oṣù Funfun ló kù, ọdún wa, tí gbogbo ilé máa ń kí gbogbo ilé. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Dolgor ju òtútù lọ: àlejò láti àárọ̀ di alẹ́, tíì tuntun fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Òun kò sì lè sọ pé kí ènìyàn má gbàlejò lọ́jọ́ ọdún. Bàbá Sodnom ló sọ ọ́.

"Èmi ni àgbà yín, ọ̀dọ̀ mi lẹ ó kọ́kọ́ wá. Fúláàsì ni màá fi gbà yín lálejò. Tí èmi bá fi fúláàsì gbàlejò, ta ni yóò bú yín?"

"Tíì fúláàsì lọ́jọ́ ọdún!" ni Handaa kígbe. "Kí ni àwọn àna mi máa sọ?"

"Kí wọ́n wá bá mi sọ ọ́."

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kálukú fi iná kan se tíì àti ẹran tí a fi ìyẹ̀fun dì, tó sì fi irun àgùntàn wé wọn kí wọ́n má tutù. Handaa nìkan ló ṣẹ̀. Bí àwọn àna rẹ̀ ti wọlé, ojú tì í, ó ṣí ààrò. Èéfín yọ bí ọwọ̀n. Bàbá Sodnom sì jáde sórí òkè pẹ̀lú fìlà ọdún rẹ̀ lórí.

"Handaa! Ṣé ọkọ̀ ojú irin lo rà ni?"

Gbogbo kòtò gbọ́. Àwọn àna rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì béèrè ohun tó dé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ Nomuun, àwọn fúnra wọn ní fúláàsì tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Nomuun bímọ, kò yá jù, kò sì pẹ́ jù. Wọn kì í jẹ́ kí ará ilé wọ wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ; ìta, ní ẹsẹ̀ ilé, ni gbogbo wa máa ń dúró sí, tí a ó gbójú sókè sí fèrèsé. Mo bá Dolgor lọ. Tumur ti gba ìsinmi, ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Òtútù kò tíì lọ, afẹ́fẹ́ kékeré kan sì ń fẹ́.

Nomuun yọ ní fèrèsé òkè kejì. Ojú rẹ̀ fún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọmọ náà sókè, wọ́n ti wé e pinpin, ojú rẹ̀ pupa, ó la ẹnu gbàgà, ó ń ké. Gíláàsì fèrèsé náà nípọn, a kò gbọ́ ohùn kankan. Ṣùgbọ́n bó ti ń ké, èémí rẹ̀ ń bo gíláàsì, á di funfun, á parẹ́, á tún di funfun.

Dolgor dúró, ó ń wo funfun náà bó ṣe ń wá tó sì ń lọ. Ó fi ọwọ́ lé àyà. Lẹ́yìn náà, ó ká ọwọ́ sẹ́nu, ó sì fi ohùn tó fi ń pe ràkúnmí ní Gobi kígbe sókè:

"Nomuun! Gbé e kúrò nídìí gíláàsì, òtútù wà níbẹ̀!"